Bí mo ṣe wá awó rí nínú igbó Ọmọ

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó, báyọ́lọ́jì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Tí mo bá ní kí wọ́n ya ẹtù, èyí tí àwọn oníṣòwò ń fi àgò kó wá láti Òkè Ọya ni gbogbo wọn máa ń yà, èyí tí egungun yọ ṣóńṣó lórí rẹ̀. Ó máa ń dùn mí. Igbó tiwa náà ní tirẹ̀: awó, tí ìyẹ́ dúdú kíkákò bo àtàrí rẹ̀. Mo wá pinnu pé n ó lọ wá a dé ibi tó ń gbé, n ó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Nigerian Bird Atlas Project, ètò tó ń kọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà sílẹ̀.

Iṣẹ́ yẹn kò le rárá. Wọ́n ti pín gbogbo Nàìjíríà sí àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bíi kìlómítà 9. Ẹni tó bá fẹ́ kópa á gbé BirdLasser, áàpù tí a fi ń kọ ẹyẹ sílẹ̀, sórí fóònù rẹ̀, á wọ inú ọ̀kan nínú wọn, á sì kọ gbogbo irú ẹyẹ tó bá rí tàbí tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ fún wákàtí méjì, ó kéré tán. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí nínú igbó, ṣùgbọ́n fóònù á ti mọ ibi tí èèyàn dúró sí.

Mo gba ìwé àṣẹ kí n tó lọ. Láti 1925 ni igbó Ọmọ ti jẹ́ igbó ìjọba, àárín rẹ̀ sì ní hẹ́kítà 460 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1946 pé kí ẹnikẹ́ni má gé igi níbẹ̀. UNESCO náà fọwọ́ sí i ní 1977. Ẹ má ṣe dá wọ ibẹ̀ o, erin wà níbẹ̀. Bàbá kan tó ti ṣọdẹ rí, tó wá ń ṣọ́ igbó báyìí, ló mú mi wọlé.

A kúrò ní J4, abúlé kan nínú igbó náà, kí ilẹ̀ tó mọ́. Inú oko gmelina la kọ́kọ́ gbà, igi tí wọ́n gbìn fún iṣẹ́ bébà. Igi kan náà ló wà níbẹ̀ lọ títí. Àwọn ẹyẹ díẹ̀ ń ké lókè, mo kọ wọ́n, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ kò sí nǹkan kan. Ewé jíjẹrà tó nípọn ni awó ń gbé lé lórí, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni ìgbín kéékèèké, ikán àti ọ̀kùn máa ń wà, orí rẹ̀ sì ni èso igi ńlá ń já sí. Bí a bá pa oríṣiríṣi igi run, a ti palẹ̀ oúnjẹ rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Èmi kò rò pé àlàyé mìíràn tún wà lórí ìdí tí ẹyẹ yìí fi ń ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ju méjì yìí lọ: igbó tí a ń gé, àti pàkúté.

Nígbà tí a wọ inú igbó gidi, ilẹ̀ ni mo ń wò. Bàbá fi ọ̀pá tọ́ka sí ibì kan tí ewé ti dàrú.

"Kí lo rò pé ó ṣe èyí?"

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹlẹ́dẹ̀ igbó kọ́?"

"Wò ó dáadáa. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó á fi imú tú ilẹ̀ jinlẹ̀. Ewé nìkan ni wọ́n yí padà níbí, erùpẹ̀ kò ṣí."

Lóòótọ́, apá tó tutù lára àwọn ewé náà ló kọjú sókè, tí kò tíì gbẹ. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ha ibẹ̀. Díẹ̀ síwájú, mo rí ìyẹ́ kan. Mo gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́. Ó dúdú kirikiri, àmì róbótó kéékèèké tó funfun tó sì ní àwọ̀ aró díẹ̀ tò sára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan funfun gbọọrọ láti ìdí títí dé òkè. Ìyẹ́ apá ni. Irú wọn ló máa ń fa ilà funfun sí ẹ̀gbẹ́ awó bó bá pa apá dé.

Mo rò pé a ó tẹ̀ lé ipa wọn. Bàbá kọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, awó á ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ kí o tó rí i. Jẹ́ ká wá ọ̀bọ."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Awó máa ń tẹ̀ lé agbo ọ̀bọ, nítorí ọ̀bọ kì í jẹ èso tán. Yóò gé e jẹ díẹ̀, yóò sì jù ú sílẹ̀. A gbọ́ ìró ẹ̀ka níbi igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá kan, a jókòó sẹ́yìn gbòǹgbò, a ò sọ̀rọ̀. Èso ń já bọ́, pó, pó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ewé gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣàràṣàrà.

Wọ́n jáde! Èyí tó ṣíwájú tóbi tó adìyẹ, ọ̀fun rẹ̀ pupa, awọ orí tí kò níyẹ̀ẹ́ ní àwọ̀ aró. Ó fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sún sẹ́yìn, ó wo ohun tó tú jáde, ó ṣa á jẹ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Akọ àti abo jọra débi pé n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àyàfi ìgbà tí ọ̀kan mú èso lẹ́nu tí kò gbé e mì, tó gbé e fún èkejì. Akọ ni yóò jẹ́. Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ra wọn nìyẹn. Ọ̀bọ kan ké lókè, wọ́n sì dá a lóhùn, kẹ-kẹ-kẹ-kẹrrr, ni gbogbo wọn bá fi eré gé e. Kò sí èyí tó fò nínú wọn. Alẹ́ ni wọ́n máa ń fò, láti lọ sùn lórí igi.

Mo tẹ orúkọ rẹ̀ sínú fóònù: Guttera verreauxi. Elliot, onímọ̀ ẹyẹ ará Amẹ́ríkà, ló fún un ní orúkọ verreauxi ní 1870.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi fóònù gbé ohùn rẹ̀ jáde láti fi tàn án. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló ń yé ẹyin sí, abo ló sì ń sàba lé wọn fún nǹkan bí ọjọ́ 23. Bó bá dìde lọ wo ẹni tó ń pè é, ejò àti ẹtà ò ní dúró dè é.