Ẹ fẹ́ kó kọ̀ǹpútà fún ilé-ìwé yín n'Íléṣà? Ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó dáwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó àti nílùú òyìnbó, tí sẹ́ẹ̀tì yín ń dáwó lórí wátsáàpù láti kó kọ̀ǹpútà lọ sílé-ìwé tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ ṣé gan-an. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Tísà tó máa lò ó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ jókòó ti méjì mẹ́ta nínú wọn, ẹ bi wọ́n pé ibo gan-an niṣẹ́ ti ń ni wọ́n lára, kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu wọn. Ọ̀kan lè ní kò sí lábù, òmíràn á ní àwọn ọmọ SS3 òun ò fọwọ́ kan máòsì rí, bẹ́ẹ̀ láti 2015 orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ìdánwò JAMB wà. Ibẹ̀ yẹn lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo orílẹ̀-èdè Peru ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìjọba wọn pín láptọ́ọ̀pù One Laptop per Child (ètò pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní láptọ́ọ̀pù tiẹ̀) tó lé ní 800,000, èyí tí Nicholas Negroponte tó dá ètò náà sílẹ̀ ń polówó láti 2005 pé dọ́là 100 péré ni (nígbà tó jáde, ó sún mọ́ 200). Àwọn olùwádìí yẹ ilé-ìwé 319 wò níbẹ̀, wọ́n gbé èsì jáde ní 2012, àwọn ọmọ tó gba láptọ́ọ̀pù ò mọ ìṣirò ju àwọn tí ò gbà lọ. Ẹ̀rọ dé lóòótọ́, àmọ́ bí tísà ṣe ń kọ́ni ò yí padà. Ẹ wá fi wé ohun tí Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe nítòsí wa níbí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1970 láti Yunifásítì Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fọ́dún mẹ́fà gbáko. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n dá tísà lẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọmọ yẹn sì ṣe dáadáa. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló ń dùn mí jù. Ẹ máa rí yàrá kọ̀ǹpútà tí wọ́n kùn lọ́dà, kọ́tìnnì wà níbẹ̀, orúkọ sẹ́ẹ̀tì wà lára ògiri, tẹ́ ẹ bá wo inú, ọ̀rá tí wọ́n fi wé kíbọ́ọ̀dù láti ṣọ́ọ̀bù ò tíì kúrò lára ẹ̀, eku ti gé wáyà lẹ́yìn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò pirinsipá. Kì í ṣe ìkà o. Wọ́n ti mú un fọwọ́ sí i pé tí ọ̀kan bá bàjẹ́ òun ni wọ́n máa bi, ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ ò ní tì í pa? Tí wọ́n bá wá ṣe tiransífà fún un, ẹni tuntun ò tiẹ̀ ní mọ kọ́kọ́rọ́ wo ni. Kí ẹ̀rọ tó dé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí pirinsipá, PTA àti ẹ̀yin fọwọ́ sí i, pé èyí tó bá bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kò sí tísà tó máa san án. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni kẹ́ ẹ gé, kí méjì wà lọ́wọ́ tísà. Kẹ́ ẹ sì rí i pé yàrá náà wọ tàìmùtébù.

Ní ti iná, ẹ má gbọ́kàn lé NẸ́PÀ. Dẹ́sítọ́ọ̀pù kan pẹ̀lú mọ́nítọ̀ ẹ̀ lè jẹ tó wáàtì 150, láptọ́ọ̀pù ò sáà fi bẹ́ẹ̀ ju 50 lọ, torí náà sọ́là tó gbé dẹ́sítọ́ọ̀pù mẹ́wàá á gbé láptọ́ọ̀pù bí ọgbọ̀n. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi lẹ rà, ẹ kọ́ ẹnì kan bí wọ́n ṣe ń yẹ omi inú ẹ̀ wò, omi bátìrì (distilled water) ni wọ́n ń bù sí i, kì í ṣe omi kànga.

Dátà wọ́n, ẹ má gbé gbogbo ẹ̀ lé íntánẹ́ẹ̀tì. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ Kiwix, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè fi kó Wikipedia sórí ẹ̀rọ kan, ti Yorùbá náà wà ńbẹ̀, káwọn tó kù máa fi wáyàlẹ́ẹ̀sì kà á láìná dátà rárá.

Owó tẹ́ ẹ bá kó jọ, ẹ má ná ju ìdajì ẹ̀ lọ lórí ẹ̀rọ. Ìyókù, ẹ fi dá tísà lẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi san owó ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nígboro Iléṣà níbẹ̀ kó máa yọjú lóṣooṣù. Láptọ́ọ̀pù márùn-ún àti kíláàsì kan ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ní September, kí táàmù kan kọjá, kẹ́ ẹ wá bi àwọn tísà yẹn bóyá wọ́n fẹ́ sí i. Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́, kẹ́ ẹ ra ìyẹn, kódà kó jẹ́ bẹ́ǹṣì.