Ká Tó Pe Ọlọ́kọ̀: Bí A Ṣe Ń Palẹ̀ Mọ́ fún Kíkó Lọ sí Ilé Tuntun ní Ìlọrin àti Agbègbè Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá fẹ́ kó kúrò nílé, ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wá. Wọn a ti bá awakọ̀ dúnàá-dúrà, wọn a ti dá ọjọ́, kí wọ́n tó rántí pé àwọn kò tíì mọ ibi tí omi ti ń wá nínú ilé tí àwọn ń lọ, tàbí bóyá bẹ́ẹ̀dì àwọn yóò gba ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ wọlé. Lójú tèmi, ọkọ̀ ni ó yẹ kó gbẹ̀yìn. Ilé tí à ń lọ ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò dáadáa, ká dín ẹrù kù, ká di èyí tí ó bá ṣẹ́ kù, nígbà náà ni a óò tó mọ irú ọkọ̀ tí ó yẹ ká pè. Ìdílé tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú ọjọ́ náà kò ní sáré ju bí ó ti yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìgbà bẹ̀rẹ̀. Ní Ìlọrin àti ní gúúsù Kwara, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, a sì máa dá ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára fún kíkó ẹrù, nítorí tìmùtìmù tí òjò bá pa nínú ọkọ̀ kì í tètè gbẹ, òórùn rẹ̀ kì í sì í tètè lọ. Ṣùgbọ́n àsìkò òjò gan-an ni ó dára fún wíwo ilé. Ilé tí ó dùn ún wò ní oṣù Kejìlá lè jẹ́ ilé tí omi ń ya wọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, pàápàá bí ó bá wà ní ilẹ̀ kòtò tàbí nítòsí Odò Àsà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ rí ilé, ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ògiri: bí ọ̀dà ibẹ̀ bá ti ń ṣí, tí ìlà pupa kan sì lọ gbọọrọ lára ògiri ní ìwọ̀n gíga kan náà, omi ti dúró níbẹ̀ rí, ọ̀dà tuntun tí wọ́n kùn síwájú ilé kò sì yí i padà. Ní ti àwọn tí ó ní ọmọ nílé ìwé, ìsinmi oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án gùn, ṣùgbọ́n inú òjò ni ó bọ́ sí. Bí àwọn ọmọ kò bá ní pààrọ̀ ilé ìwé, ìsinmi ìparí ọdún ni mo fara mọ́ jù, bí eruku ọyẹ́ tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ni kí ẹ fi sí iwájú. Ẹ padà lọ sí ilé náà nígbà tí kì í ṣe ejẹ́ǹtì ni ó mú yín lọ, nítorí ẹni tí yóò gba owó lórí ilé kì í sábà sọ pé kànga rẹ̀ ń gbẹ. Àwọn tí ń gbé àdúgbò ni kí ẹ bi. Ẹ lè kí ìyá tí ẹ bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlàájà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kànga yìí kì í gbẹ tó bá di oṣù Kejì sí oṣù Kẹta?” Bí wọ́n bá dá yín lóhùn pé, “Ó ń gbẹ o, ọmọ mi, ọwọ́ mẹ́ruwà la ti ń ra omi nígbà náà,” ẹ ti rí ohun tí ejẹ́ǹtì kò ní sọ fún yín, ẹ sì lè fi owó omi kún owó ilé nínú ìṣirò yín. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀hóòlù ni wọ́n ń lò, ẹ béèrè ẹni tí ń san owó iná tàbí owó díísù tí wọ́n fi ń fa omi, iye ìgbà tí wọ́n ń fà á lọ́sẹ̀, àti bóyá tánkì kan náà ni gbogbo ayálégbé ń pín. Ọ̀pọ̀ ìjà láàárín ayálégbé ní ilé alábàágbé, orí owó díísù ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn omi, iná ló kàn. Ilé-iṣẹ́ IBEDC ni ó ń pín iná ní Kwara, ìsọ̀rí márùn-ún sì ni a pín àwọn oníbàárà sí, láti A dé E. Ó yẹ kí àwọn tí ó wà ní ìsọ̀rí A máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B fún wákàtí 16, C fún 12, D fún 8, àti E fún 4. Owó iná ìsọ̀rí A ni ó sì wọ́n jù. Òpópónà méjì tí ó fara kínra lè má sí ní ìsọ̀rí kan náà, nítorí náà, ẹ má ṣe fi iná ilé ọ̀rẹ́ yín tí ó wà ní àdúgbò náà díwọ̀n. Kí ẹ tó san owó ilé, ẹ gba nọ́ńbà mítà ilé náà, kí ẹ ra iná díẹ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ sì ka rìsíìtì tí ó bá jáde. Bí gbèsè bá wà lórí mítà náà, ẹ óò rí i pé wọ́n ti yọ lára owó yín kí wọ́n tó fún yín ní iná. Ìgbà tí owó ilé ṣì wà lọ́wọ́ yín ni onílé yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn. Bí ẹ bá ti sanwó tán, ẹjọ́ yín ni.

Ẹ mú tépù lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá tún lọ. Ẹ wọn fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ẹ wọn kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn, kí ẹ sì wọn ibi tí fìríìjì yóò dúró sí. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ìlọrin, irú bíi Pàkátà àti Òkèlélé, ọ̀nà tí ó wà láàárín agbolé kan àti èkejì lè tóóró débi pé ọkọ̀ kò ní lè kọjá etí títì. Ọmọlanke tàbí orí ènìyàn ni yóò gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá mọ èyí ṣáájú yóò ti bá àwọn alábàárù sọ̀rọ̀ owó, kò ní jẹ́ ojú títì ni wọn yóò ti máa jiyàn.

Nígbà náà ni kí ẹ wá kọjú sí ẹrù. Ohunkóhun tí ẹ kò bá yọ kúrò nílẹ̀, ẹ óò sanwó gbé e lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà tí ẹ bá ń gbé e sọ́kọ̀ àti ìgbà tí ẹ bá ń gbé e sọ̀ kalẹ̀. Fáànù tí ó ti kú láti ìgbà tí àgbà ọmọ ti wà ní àlákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ẹ ní ẹ óò tún un ṣe, kò ní yè ní ilé tuntun. Ẹ pe àwọn tí ń ra kóńdẹ́mù kiri, kí wọ́n kó irin àti ike tí kò wúlò mọ́. Aṣọ àti ìwé tí ó ṣì dára, ẹ fi ta àwọn mọ̀lẹ́bí àti aládùúgbò lọ́rẹ. Ní ti oúnjẹ, ẹ dẹ́kun ríra èlùbọ́, gàrí àti ẹ̀wà ní kóńgò-kóńgò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó kẹ́yìn, kí ẹ sì máa jẹ èyí tí ó wà nílẹ̀. Ohun tí ó sábà máa ń dá iṣẹ́ yìí dúró ni ẹrù àwọn òbí wa àgbà. Ẹ má ṣe dá a yọ lẹ́yìn wọn. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ èyí tí yóò lọ àti èyí tí yóò kù, bí ó tilẹ̀ gba odindi ọ̀sán.

Dídì ẹrù ni iṣẹ́ gidi. Ẹ lè rí páálí gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta nǹkan inú ṣọ́ọ̀bù: páálí nòódù fúyẹ́, aṣọ àti ike ni ó lè gbà, páálí ọṣẹ nípọn, òun ni kí ẹ kó ìwé sí, ṣùgbọ́n kí ó kéré, nítorí páálí ńlá tí ìwé kún inú rẹ̀, ìdí rẹ̀ yóò já kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Àpò Ghana-must-go dára fún aṣọ àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì. Aṣọ kan náà ni kí ẹ sì fi di àwo, kí ẹ tò wọ́n ní ìdúró, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ má ṣe tò wọ́n lé ara wọn. Ẹ̀gbẹ́ páálí ni kí ẹ kọ orúkọ sí, nítorí páálí mìíràn yóò bo orí rẹ̀ nínú ọkọ̀. Orúkọ yàrá tí yóò wọ̀ ní ilé tuntun ni kí ẹ sì kọ, kì í ṣe yàrá tí ó ti jáde. Bí káfíńtà bá tú bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ kó gbogbo nọ́ọ̀tì àti bóòtù rẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré, kí ẹ so ó mọ́ ara igi ohun náà gan-an.

Ní Ìlọrin, àwọn àgbà kan ṣì ní àmù tàbí ìkòkò amọ̀ láti Dada, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Òkèlélé, kò sì sí ẹrù tí ó nílò ìtọ́jú jù ú lọ. Ẹ da omi inú rẹ̀ nù ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, nítorí àmù tí ó mu omi wúwo ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ rọra ki ìró àtijọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì wé ìta rẹ̀, kí ẹ sì ká òṣùká ńlá kan tí ìdí rẹ̀ yóò jókòó lé. Ẹ má ṣe so okùn mọ́ ọrùn rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ni kí ó bá lọ, láàárín ẹsẹ̀ ẹnìkan tí kò ní sùn lọ́nà.

Àwọn ohun èlò tí ń lo iná àti epo ní ìlànà tiwọn. Ẹ pa fìríìjì ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ ṣí i sílẹ̀ kí yìnyín inú rẹ̀ yọ́ tán, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì so ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìdúró ni kí wọ́n gbé e, nítorí bí ó bá sùn, ọ́ìlì tí ó wà nínú kọ̀m̀prẹ́sọ̀ rẹ̀ yóò ṣàn lọ síbi tí kò yẹ. Ẹ fa epo inú jẹnẹrétọ̀ kúrò, kí ẹ má sì ṣe fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Sílíńdà gáàsì, kékeré ni o tàbí ti kílò 12.5, ẹ dé ẹnu rẹ̀ pinpin, ẹ yọ ọ̀pá rẹ̀, kí ó wà ní ìdúró níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Kò gbọdọ̀ wọ búùtù ọkọ̀ tí ènìyàn jókòó sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo ínfátà tàbí sólà, ẹ ya fọ́tò bí wáyà ṣe so pọ̀ kí oníṣẹ́ iná tó tú u.

Àpò kan wà tí kò gbọdọ̀ bá ọkọ̀ ẹrù lọ. Òun ni yóò gba ìwé ẹ̀rí, ìwé ilẹ̀, ìwé àdéhùn ilé, káàdì ìdánimọ̀, ohun ọ̀ṣọ́ wúrà, owó, àti oògùn ẹni tí ó bá ń lo oògùn. Ọwọ́ ìyálé tàbí baálé ni kí ó wà láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Wàyí o, ẹ lè pe ọlọ́kọ̀. Kòrópe tó fún ẹrù yàrá kan. Ẹrù yàrá méjì tàbí mẹ́ta nílò Canter. Láàárín ìgboro, ọkọ̀ kékeré tí yóò lọ lẹ́ẹ̀mejì lè dín owó kù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gba Gánmọ̀, Àmọ́yọ̀ àti Ìdọ̀fíàn lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ọ̀nà Ọ̀fà àti ọ̀nà Òmù-Àrán ti pínyà, ọkọ̀ ńlá kan tí yóò kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni ó sàn. Ẹ mú awakọ̀ wá wo ẹrù náà kí ẹ tó sọ iye. Ẹ béèrè bóyá owó àwọn alábàárù wà nínú rẹ̀, ẹni tí yóò san owó tíkẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀nà, àti bóyá ó ní tapólì àti okùn tí ó tó. Ẹ má san owó tán kí ẹrù tó wọlé. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ náà, kí ẹnìkan nínú ilé sì jókòó ti awakọ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ gbéra. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ má ṣe gba agbègbè Ọjà Ọba àti Mọ́sáláṣí Ńlá kọjá ní ọ̀sán, nítorí ọkọ̀ kì í rí ọ̀nà lọ níbẹ̀ ní àsìkò ìrun Jímọ̀.

Ẹrù tí ẹ óò lò ní alẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ó wọ ọkọ̀ gbẹ̀yìn, kí ó lè kọ́kọ́ jáde: ẹní tàbí tìmùtìmù, ìkòkò kan, àwo, ọṣẹ, kẹ́tùlù, gílóòbù, ìgbálẹ̀, àti jálá omi tí ó kún. Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn ilé àtijọ́, ẹ gbá a, ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan àti ti mítà, kí ẹ sì fa kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́ fúnra yín. Fọ́tò náà ni yóò gbà yín bí ọ̀rọ̀ kọ́ṣọ̀n fíì bá dìde.

Bí ẹ bá dé, ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ìta lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ẹ kò mọ iye ẹni tí irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá so gáàsì tán, ẹ fi ìfófó ọṣẹ ra ojú ibi tí ó ti so pọ̀, kí ẹ wò ó bóyá yóò hó, kí ẹ tó ṣá iná sí i. Ẹ jẹ́ kí fìríìjì dúró fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán kí ẹ tó tan án. Bí ó bá ti sùn lójú ọ̀nà, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ lọ kí àwọn alábàágbé àti olórí àdúgbò, kí ẹ sì sọ àdírẹ́sì tuntun fún báǹkì àti ilé ìwé àwọn ọmọ. Ní ti káàdì ìdìbò, ìgbà tí INEC bá ń ṣe ìforúkọsílẹ̀ ni a lè béèrè pé kí wọ́n gbé e lọ sí àdúgbò tuntun, nítorí náà, ẹ máa fetí sílẹ̀ sí rédíò.