Bí Mo Ṣe Rí Ọmọlańkẹ́ Tó Lè Gbé Ẹrù Ẹ̀yìnkùlé Mi

Ẹrù tó ń wọ ẹ̀yìnkùlé mi lójú ọ̀nà Ìdànrè, ní Àkúrẹ́ níbí, kì í ṣe ẹrù kékeré. Àpò ìgbẹ́ adìẹ ni, yanrìn ni, odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25 ni. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin péré ti di 100 kìlógíráàmù, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Ilẹ̀ ọ̀hún tún da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkúta sì ń yọrí káàkiri inú ẹ̀. Nígbà tí ọmọkùnrin tó máa ń bá mi ru ẹrù wọ yunifásítì, mo mọ̀ pé orí tèmi ò gba yanrìn mọ́. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí yóò máa bá mi kó o.

Bárò ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ dárúkọ. Mo lọ bá àwọn tó ń ta irinṣẹ́ nítòsí Ọjà Ọba. Abọ́ bárò ni wọ́n máa ń fi polówó: wọ́n á fọwọ́ gbá a kẹ́ ẹ lè gbọ́ bó ṣe ń dún, wọ́n á ní, "Mọ́mì, irin gidi rèé." N ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n abọ́ kọ́ ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Ìdí táyà ni bárò ti ń kú. Torí náà, bí mo bá ti dé ìsọ̀, mo máa ń dojú ẹ̀ délẹ̀ ni, màá sì fọwọ́ yí táyà. Bó bá ń mì sọ́tùn-ún sósì, a jẹ́ pé kò sí bíárìn nínú ẹ̀, páìpù lásán ló ń yí lórí irin. Gírísì á ràn án lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, àmọ́ irin ń jẹ irin lọ ni. Mo tún máa ń wo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Èyí tí wọ́n kàn fi iná tọ́ ní ojú kan ojú kan, tí wọn ò jó o yípo, ibẹ̀ ni yóò ti já.

Ní ìsọ̀ kan, mo ní kí ọmọ tó ń tajà jókòó sínú bárò kí n tì í wò. Ó rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ó jókòó. Kí n tó gbé e nílẹ̀ rárá, ẹsẹ̀ bárò ti yà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Ìṣirò ló wá lé mi kúrò nídìí bárò pátápátá. Iwájú ni táyà ẹ̀ wà, ẹrù wà láàárín, ọwọ́ yín wà lẹ́yìn. Bí àárín ẹrù bá wà ní ìdá kan nínú mẹ́ta láti táyà sí ibi tí ọwọ́ ti dì í mú, ìdá kan nínú mẹ́ta ẹrù náà lọwọ́ yín ń gbé. Yanrìn gbígbẹ tó kún abọ́ onílítà 65 máa ń wọ̀n tó nǹkan bí 100 kìlógíráàmù. Ọwọ́ mi á gbé bíi 33 nínú ẹ̀, màá tún máa ṣọ́ ọ kó má dà nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀dọ́ lè ṣe é. Bárò náà sì lọ́nà tiẹ̀, nítorí táyà kan máa ń gba àárín ebè kọjá níbi tí méjì ò lè gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tèmi fẹ̀, láti géètì títí dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo bá gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà lọ, mo ní kó bá mi ṣe ọmọlańkẹ́ kékeré, kì í ṣe ńlá inú ọjà. Ó ní òun á fi táyà ọ̀kadà sí i. Lóòótọ́, táyà ọ̀kadà ga, ó sì máa ń gun òkúta dáadáa. Àmọ́ ọ̀kadà máa ń tẹ̀ bó bá ń yà ní kọ́nà, ọmọlańkẹ́ kì í tẹ̀. Bó bá ń yà pẹ̀lú ẹrù, ẹ̀gbẹ́ ni ìwúwo á ti máa ti sípóòkì, sípóòkì ò sì lágbára lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mọ́mì, ta ló sọ ìyẹn fún yín?"

"Físíìsì ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ mi."

Táyà 4.00-8 la fẹnu kò sí, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ọ̀pọ̀ bárò náà ń lo ìwọ̀n yìí, ṣùgbọ́n ti kẹ̀kẹ́ le jù, torí ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá jò, fọkanáísà ò ní wá túùbù ẹ̀ tì. Ẹnì kan ti fẹ́ ta táyà rọ́bà tó dì gbagidi fún mi, èyí tí kì í jò. Òótọ́ ni kì í jò, àmọ́ gbogbo òkúta tó bá gùn, èjìká yín ló máa gbọ́ ọ.

Ibi tí mo ti dúró ti wẹ́dà jù ni ibi tí yóò jó irin tó so táyà méjèèjì pọ̀ mọ́. Bó bá wà lábẹ́ àárín ẹrù gan-an, ọwọ́ ò ní gbé nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọmọlańkẹ́ á lè fẹ̀yìn balẹ̀ lójijì, kó ju ọwọ́ ẹ̀ sókè. Mo ní kó fi í sẹ́yìn àárín díẹ̀, kó jìnnà díẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ wà, kí ìwúwo kékeré lè wà lọ́dọ̀ mi. Géètì ẹ̀yìnkùlé mi ò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, nítorí náà a fi íǹṣì 30 sílẹ̀ láti ìta táyà kan dé ìta èkejì. Pákó la tẹ́ sísàlẹ̀ ẹ̀, torí pákó ṣeé pààrọ̀; a fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn kí omi lè jò lọ. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣeé yọ, kí odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè nà síta.

Owó ẹ̀ ju ti bárò tuntun lọ dáadáa. Táyà àti bíárìn ló kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe irin.

Kò ní búrẹ́kì o. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, n kì í ṣáájú ẹ̀ láé. Màá jẹ́ kó lọ níwájú, èmi á wà lókè lẹ́yìn ẹ̀, màá máa tẹ ọwọ́ ẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ irin tí wẹ́dà jó mọ́ ọn lápá ọ̀dọ̀ mi máa wọ́ nílẹ̀. Àwọn bíríkìlà àdúgbò ti ń wá yá a báyìí. Mo máa ń fún wọn, bí wọn ò bá ṣáà ti da kọnkéré tútù sínú ẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ táyà kí wọ́n tó dá a padà.