Wínṣì tágbára ẹ̀ tó mélòó ló máa fa Hilux yín jáde? Bẹ́ẹ ṣe máa ṣírò ẹ̀ kẹ́ẹ tó náwó

Òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gidi, ẹ̀yin tẹ́ẹ lóko ní Kwali tàbí Abaji lápá Abuja, àtẹ̀yin tẹ́ẹ ń lọ sáìtì lápá Niger State, ẹ mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Fàdámà, ilẹ̀ etí odò tí mọ́tò ń sáré lórí ẹ̀ nígbà ọyẹ́, tó bá fi máa di oṣù kẹjọ ó ti di potopoto tó ń gbé táyà mì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ra wínṣì báyìí, ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa mọ́tò tó rì jáde, tí wọ́n ń dè é mọ́ bọ́ńpà iwájú, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó ń tà á ni pé "èwo ló lágbára jù níbẹ̀?" Ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Mọ́tò tèmi, tí mo bá ti di ẹrù sí i tán, kílò mélòó ni? Kí ló sì máa dì í mú níbi tí mò ń gbé e lọ? Ẹ dáhùn méjèèjì yìí kẹ́ẹ tó kúrò nílé, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára wínṣì á wá nítumọ̀ lójú yín.

Ìwúwo mọ́tò lẹ máa kọ́kọ́ wá. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan máa ń wà lára òpó ilẹ̀kùn dírẹ́bà, tí ò bá sí níbẹ̀ ẹ wo ìwé mọ́tò, ẹ máa rí GVM tàbí GVWR, ìyẹn ni ìwúwo tó pọ̀ jù tí àwọn tó ṣe mọ́tò náà fọwọ́ sí, tòun tẹrù tòun tèrò. Hilux dọ́bù kábíìnì 4x4 tó ṣófo máa ń tó bíi 2,000 kílò tàbí kó lé díẹ̀, GVM ẹ̀ sì máa ń wà nítòsí 3,000. Land Cruiser 79 máa ń jù ú lọ. Àmọ́ nọ́ńbà ìwé nìkan ò tó, a mọ ara wa, a mọ bá a ṣe ń di ẹrù. Àpò ajílẹ̀ kan, 50 kílò, mẹ́wàá ti di 500. Táńkì dísù 80 lítà tó kún, bíi 67 kílò. Èèyàn márùn-ún tó sanra níwọ̀nba, ẹ bu 375 sí i. Bọ́ńpà irin tí wẹ́dà ṣe fún yín ńkọ́, òun náà lè tó 60 kílò. Ẹ ro ó pọ̀, ó ti dé 3,000 nìyẹn, a ò tíì ka kẹ́ẹ̀gì omi o, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán 25 kílò. Tẹ́ẹ bá mọ ibi tí wọ́n ti ń wọn tírélà ọkà tàbí ti irin àlòkù, ẹ di ẹrù yín bẹ́ẹ ṣe máa ń dì í gangan kẹ́ẹ wa mọ́tò gun ìwọ̀n wọn, ohun tẹ́ẹ bá rí níbẹ̀ dáa ju àfojúbù lọ.

Tẹ́ẹ bá ti mọ ìwúwo yẹn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.5. Ìṣírò tí gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa wínṣì ń lò nìyẹn, òun ló sì kéré jù tẹ́ẹ gbọ́dọ̀ rà. 3,000 kílò lọ́nà 1.5, ó di 4,500 kílò. Páùn ni wọ́n máa ń kọ sára wínṣì, lẹ́tà lb lẹ máa rí, kílò kan sì jẹ́ bíi páùn 2.2, torí náà 4,500 kílò yẹn máa tó bíi páùn 9,900. Àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́jà ni 8,000, 9,500, 10,000 àti 12,000. Ẹ wá rí i pé 9,500 tí wọ́n ń pè ní ti Hilux, ó máa ṣe é fún ẹni tí mọ́tò ẹ̀ kì í ju 2,500 sí 2,800 kílò lọ, bíi ẹni tó kàn ń fi lọ sáìtì pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́. Ẹni tó ń kó ajílẹ̀ àti òṣìṣẹ́ oko, 10,000 ló kéré jù fún un. Land Cruiser 79 tí ìwúwo ẹ̀ tó 3,300 kílò, ìṣírò ẹ̀ máa sún mọ́ 10,900, kó yáa lọ sí 12,000.

Ibi tó kù yìí lẹ máa fara balẹ̀ kà, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò. Mọ́tò tó dúró lórí títì ò le fà, ẹrẹ̀ ló ń jẹ́ kó le. Àwọn tó ń fa mọ́tò ológun jáde ní ìṣírò kan tí wọ́n ń lò: tí mọ́tò bá rì dé àárín táyà, agbára tó ń dì í mú tó odidi ìwúwo ẹ̀. Tó bá rì dé mọ́gáàdì, ó di ìlọ́po méjì. Tó bá wọlẹ̀ dé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìlọ́po mẹ́ta. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ní tiẹ̀ lọ́tọ̀: òkè tó dà bíi dígírì 30, irú èyí téèyàn lè bá pàdé lọ́nà àwọn abúlé orí Mambilla, ìdajì ìwúwo mọ́tò ló máa fi kún un. Ẹ wá mú Hilux yín tó jẹ́ 2,500 kílò, kó rì dé mọ́gáàdì nínú fàdámà etí odò Usuma ní Gwagwalada, ẹ ti nílò 5,000 kílò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ wínṣì 9,500 ò ju bíi 4,300 kílò lọ. Kò lè fà á tààrà. 12,000 gan-an, 5,400 ni, díẹ̀ ló fi lé.

Ìyẹn nìkan kọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára wínṣì, tìgbà tí okùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú tán ni, tó ku ìpele kan ṣoṣo lára dúrọ́ọ̀mù tó ń wé mọ́. Ẹ wo bí òwú ṣe ń wé mọ́ kẹ̀kẹ́, bó ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdì náà ń sanra sí i. Bí dúrọ́ọ̀mù ṣe ń sanra ni wínṣì ń fa okùn gùn sí i ní yíyí kan, agbára ẹ̀ sì ń dín kù. Wínṣì 9,500 lórí ìpele kejì máa ń sún mọ́ 8,000, lórí ìpele kẹta ó máa ń jábọ́ sí 6,000 àti díẹ̀, tó bá fi máa dé ìpele kẹrin, ẹ lè má rí 6,000 mọ́ rárá. Tí igi tẹ́ẹ fẹ́ so ó mọ́ bá wà nítòsí, bíi mítà márùn-ún péré, èyí tó pọ̀ jù nínú okùn ṣì wà lórí dúrọ́ọ̀mù, wínṣì tẹ́ẹ fowó gidi rà ń ṣiṣẹ́ bíi èyí tí ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ò mọ èyí á máa bínú sí ẹni tó tà á fún un. Ìwé tó bá wínṣì wá gbọ́dọ̀ ní tábìlì tó kọ agbára ìpele kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, tí ò bá sí tábìlì yẹn níbẹ̀ ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Púlì, kẹ̀kẹ́ irin tí okùn ń gba inú ẹ̀ kọjá, ló ń yanjú wàhálà méjèèjì pa pọ̀, lójú tèmi ó ṣe pàtàkì ju kéèyàn lọ ra wínṣì ńlá lọ. Ẹ so púlì mọ́ igi, ẹ gba okùn inú ẹ̀ kọjá, kẹ́ẹ wá dá ìkọ́ okùn padà sára ibi ìfàmọ́tò tó wà lábẹ́ Hilux yín. Agbára á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ó kàn máa lọ́ra ni. Okùn tó sì jáde lórí dúrọ́ọ̀mù máa pọ̀, ẹ ti kúrò ní ìpele kẹrin nìyẹn, ẹ ń sún mọ́ agbára gidi ẹ̀. 9,500 pẹ̀lú púlì máa fa Hilux tó rì dé mọ́gáàdì yẹn jáde. Ohun kan wà tẹ́ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ o: igi tẹ́ẹ so púlì mọ́, bẹ́líìtì tẹ́ẹ fi yí igi ká, àti shackle, irin tó rí bíi lẹ́tà U tó so wọ́n pọ̀, ìlọ́po méjì agbára okùn ló ń bọ́ sórí gbogbo wọn. Ẹ ka tọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ sára wọn kẹ́ẹ tó rà wọ́n, ẹ má ra èyí tí wọn ò kọ nǹkan kan sí. Lápá Yobe tàbí ibòmíì tí iyanrìn pọ̀ tígi ò sí, táyà ìpamọ́ lẹ máa rì mọ́lẹ̀ jinlẹ̀ kẹ́ẹ so ó mọ́ ọn. Ní ti iyanrìn ṣáá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dín afẹ́fẹ́ táyà kù dé bíi 18 psi, kẹ́ẹ fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn iwájú táyà kúrò, ó lè má nílò wínṣì mọ́.

Bátìrì ńkọ́? Wínṣì 9,500 tó ń fa ẹrù dójú ààlà ẹ̀ máa ń mu iná tó ju 400 ámúpù lọ, bẹ́ẹ̀ alternator ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ò ju ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀ lọ. Bátìrì ló ń gbé ìyókù. Ẹ wo CCA tó wà lára bátìrì yín, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí iná tó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣe pọ̀ tó, kó má dín sí 650, ooru tiwa lókè Ọya níbí sì máa ń tètè pa bátìrì, torí náà èyí tó ti lo bí ọdún mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ẹ tó so wínṣì mọ́ ọn. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì tẹ́ẹ bá ń fà, ẹ fà díẹ̀ ẹ sinmi díẹ̀. Tẹ́ẹ bá gbé e lọ fún rewáyà ní Apo tàbí Kugbo, wáyà nínípọn tó bá wínṣì wá ni kó lò láti bátìrì tààrà, tó bá fẹ́ fi tín-ín-rín kan mú un gùn sí i ẹ má gbà, ó máa gbóná débi tó máa jó.

Kí ló dé tí mi ò kúkú sọ pé kí gbogbo èèyàn ra 12,000 kó tán síbẹ̀? Torí ìwúwo ni. Wínṣì tòun ti wáyà irin lè tó 40 kílò tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, ẹ bu bọ́ńpà irin lé e, imú Hilux á máa tẹ̀, sípíríìnì iwájú á tètè lọ, táyà iwájú náà á tètè wọlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tẹ́ẹ ń sá fún. Tí ìṣírò yín bá sọ 10,000, ẹ ra 10,000 kẹ́ẹ fowó tó kù ra púlì, bẹ́líìtì igi, àti shackle tó dáa. Okùn ọ̀rá fúyẹ́ ju wáyà irin lọ gan-an, tó bá já kì í fò bíi wáyà, òun ni mo fọwọ́ sí, àfi pé oòrùn àti iyanrìn ń jẹ ẹ́. Ìyówù tẹ́ẹ bá rà, ẹ má tú u tán lórí dúrọ́ọ̀mù: wáyà, kó ku ìyípo márùn-ún ó kéré tán, okùn ọ̀rá, kó ku bíi mẹ́wàá. Kẹ́ẹ sì ju búláńkẹ́ẹ̀tì wíwúwo tàbí àpò tẹ́ẹ rẹ lómi lé okùn láàárín nígbà tẹ́ẹ bá ń fà. Àwọn ọmọ abúlé máa ń yọ́ wá wòran, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún jìnnà ju bí okùn ṣe gùn lọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n á fi kúrò. Wáyà tó bá já lè gé èèyàn.

Tẹ́ẹ bá dé ọjà, ẹ gbé wínṣì náà wò. Èyí tí wọ́n kọ 13,000 sí, tọ́mọdékùnrin kan fọwọ́ kan gbé dúró, irọ́ ni wọ́n kọ. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Kí wọ́n so ó mọ́ bátìrì lójú yín, kó fa mọ́tò míì tó wà ní gíà nútúrà gun òkè díẹ̀, ẹ tẹ́tí sí gíà ẹ̀, tó bá ń ké kẹ̀kẹ̀kẹ̀ tàbí tó ń yọ̀ padà tẹ́ẹ bá fọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, búrékì inú ẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Èyí tó kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ kì í ṣe é. Okùn tuntun kì í wé le láti ọ̀dọ̀ àwọn tó tà á. Ẹ wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ò ga jù, ẹ so okùn mọ́ igi lókè, ẹ tú u títí táá fi ku ìyípo mẹ́wàá, kẹ́ẹ jẹ́ kí wínṣì fa Hilux gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan nínú mọ́tò kó fẹsẹ̀ kan búrékì fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹlòmíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ kó máa wò ó kí okùn máa tẹ̀lé ara wọn, kó má gun ara wọn lórí. Tí ò bá wé le báyìí, lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá fa ẹrù gidi, okùn òkè á wọ àárín tìsàlẹ̀, á há síbẹ̀. Tí ọyẹ́ bá wá lọ tán, ẹ tú u, ẹ fi omi ṣan iyanrìn inú ẹ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ẹ tún un wé bẹ́ẹ ṣe wé e lọ́jọ́ àkọ́kọ́.