Bí Word bá ń fàlà pupa sábẹ́ Yorùbá ẹ, ibi tí wàá ti tún un ṣe rèé

Ẹni tó bá ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú tàbí ti ìgbéyàwó ní business centre máa mọ ohun tí mò ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ló wà níwájú ìwé, kò sí wàhálà, àfìgbà tó bá kan orin ìsìn àti oríkì bàbá, ìlà pupa á wá gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Word ò mọ̀ pé Yorùbá lò ń kọ, ó rò pé Gẹ̀ẹ́sì tó ò mọ̀ ọ́n kọ ni. Ó tiẹ̀ máa fi "fun" sílẹ̀ torí ó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, "fún" tó lámì tó sì tọ̀nà ló máa fàlà sí.

Mú ibi tó jẹ́ Yorùbá nìkan (tó bá jẹ́ gbogbo ìwé ni, tẹ Ctrl+A), lọ sí Review, tẹ Language, kó o wá yan Set Proofing Language. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni Yoruba wà nínú àwọn èdè tó tò síbẹ̀. Má tíì tẹ OK o! Wo àwọn àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Èyí tó ń jẹ́ Detect language automatically, yọ máàkì inú ẹ̀, torí òun gan-an ni oníwàhálà, wàá ṣètò tán, wàá tún tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, Word á ní Gẹ̀ẹ́sì lòun rí, á sì dá a padà síbi tó wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé ètò yìí ò ṣiṣẹ́, àpótí yẹn ni wọn ò wò. Do not check spelling or grammar náà máa ń pa ìlà pupa rẹ́, ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ kéèyàn lò ó fún gbogbo ìwé, torí àṣìṣe inú Gẹ̀ẹ́sì á fara pa mọ́ síbẹ̀, ó dìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde tán kí ẹbí tó rí i.

Tó bá jẹ́ LibreOffice (ètò ìkọ̀wé mìíràn tó jọ Word) lò ń lò, Tools, Language, For Selection, More, Yoruba náà nìyẹn.

Ètò yìí ò ní fún ẹ ní lẹ́tà olámì o, ìyẹn yàtọ̀. Nínú Word, tẹ 1ECD kó o tẹ Alt+X, á di ọ. 1EB9 ni ẹ, 1E63 ni ṣ. Tó o bá fẹ́ ọ́, tẹ 0301 sẹ́yìn ọ yẹn, Alt+X lẹ́ẹ̀kan sí i (0300 ni ti àmì ohùn ìsàlẹ̀, bíi ti ọ̀). Àmọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún a àti e lásán, Word á ka lẹ́tà yẹn mọ́ nọ́ńbà, nǹkan mìíràn lá gbé jáde. Ctrl pẹ̀lú ' ni kó o tẹ̀, kó o fi í lẹ̀, kó o wá tẹ a.

Ọ̀rọ̀ tó ò ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kó o sí AutoCorrect, ibi tí Word ti máa ń fúnra ẹ̀ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tó o bá tẹ̀: File, Options, Proofing, AutoCorrect Options. Fi "olorun" sí Replace, "Ọlọ́run" sí With, tẹ Add, ó parí.

Tó o bá fẹ́ gbé e lọ fún ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde, PDF ni kó o fi pamọ́, kí foǹtì tó wà lórí kọ̀ǹpútà tiwọn má baà tú àwọn àmì ẹ ká.