Bí A Ṣe Lè Tọpasẹ̀ Ìtàn Wágọ̀nù Ẹrù Àtijọ́ ní Bìrìtéènì

Àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń tọ́jú rélùwéè àtijọ́ ní Bìrìtéènì ní wágọ̀nù ẹrù lọ́pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n èyí tí ìtàn rẹ̀ pé pérépéré ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Ẹ́ńjìnnì ni àwọn èèyàn máa ń ya fọ́tò rẹ̀. Wágọ̀nù èédú kò ní ju nọ́ńbà lọ, nọ́ńbà náà sì lè ti yí padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀kan ti wá kò gbọdọ̀ gbára lé ọ̀dà ara rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó tún un ṣe lè ti kùn ún ní àwọ̀ tí ó wù wọ́n, kí wọ́n sì kọ orúkọ oníṣòwò èédú tí kò ni ín rí sí i lára.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo irin tàbí igi gbọọrọ tí ó gbé ara wágọ̀nù dúró ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kan àwo irin kékeré mọ́. Lára wágọ̀nù tí British Railways, ilé-iṣẹ́ rélùwéè ìjọba, ṣe, àwo yìí máa ń sọ nọ́ńbà rẹ̀, ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé, ibi tí wọ́n ti ṣe é àti ọdún rẹ̀. Bí ọ̀dà bá ti dí ojú lẹ́tà, ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ ha á: ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa á lórí fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, òjìji lẹ́tà náà yóò sì jáde. Lára wágọ̀nù àwọn aládàáni, ẹ lè rí àwo tí ó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ rélùwéè kan, ọdún àti nọ́ńbà. Ẹ má ṣe rò pé ilé-iṣẹ́ náà ni ó ni ín; òun ló forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè rìn lójú irin.

Lẹ́tà tí ó ṣáájú nọ́ńbà ni ó ń sọ̀rọ̀ jù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1948, ìjọba gba rélùwéè, ó sì kó wágọ̀nù ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́rin tí ó ti wà láti 1923 pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ wágọ̀nù èédú àwọn aládàáni. Kí nọ́ńbà wọn má baà forí gbárí, wọ́n fi M síwájú ti London Midland and Scottish, E síwájú ti London and North Eastern, W síwájú ti Great Western, S síwájú ti Southern, àti P síwájú ti àwọn aládàáni. B ni ti èyí tí British Railways ṣe fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí P ṣì ní nọ́ńbà mìíràn láti wá, èyí tí oníwágọ̀nù àkọ́kọ́ fún un, iṣẹ́ yẹn ni ó sì nira jù. Bí D bá tún ṣáájú lẹ́tà wọ̀nyí, a jẹ́ pé wágọ̀nù náà ti di ti iṣẹ́ abẹ́lé rélùwéè, bí àtúnṣe ojú irin.

Àpótí tí ó bo orí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ náà máa ń ní lẹ́tà ilé-iṣẹ́ tí ó rọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi búra, nítorí pé àwọn mẹkáníìkì máa ń pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ láti ara wágọ̀nù kan sí òmíràn. Ara òkè pàápàá lè kéré lọ́jọ́ orí sí ìsàlẹ̀: ọ̀pọ̀ wágọ̀nù èédú onírin tí ń gbé tọ́ọ̀nù 16 ni wọ́n rọ ara tuntun fún ní àwọn ọdún 1970. Ìlà funfun tí ó dábùú lára irú wọn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ó ń fi ìpẹ̀kun tí ilẹ̀kùn wà han àwọn tí yóò da èédú náà ni.

Ìrísí náà ń ranni lọ́wọ́. Wágọ̀nù gáàdì ni èyí tí gáàdì ọkọ̀ ojú irin máa ń jókòó sí ní ìparí ọkọ̀ ẹrù. Ti Great Western, tí wọ́n ń pè ní Toad, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìpẹ̀kun kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tí British Railways ṣe ní i níhà méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ohun tí ẹ rí lọ síbi àkọsílẹ̀, bíi National Railway Museum ní York, tí ó ní àwòrán iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ àtijọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó tún wágọ̀nù náà kùn, ẹ bẹ àwọn olùtọ́jú rẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fi sáńpépà ha ojú kékeré kan níbi tí nọ́ńbà máa ń wà, ní ìpele kan tẹ̀lé òmíràn, kí ẹ sì ya fọ́tò ìpele kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.