Bí Wọ́n Ṣe Ń Sọ Igi Hẹ́ǹpù Di Aṣọ Ìrúbọ Ní Ilẹ̀ Japan

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe aṣọ hẹ́ǹpù bí àwọn ẹlẹ́sìn Ṣíńtò, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Japan, ti ń ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ, nítorí pé hẹ́ǹpù àti igbó jẹ́ ewéko kan náà, òfin ọdún 1948 sì ti de gbígbìn rẹ̀ láìgbàṣẹ.

Ẹ gbin irúgbìn náà pẹ́kípẹ́kí nígbà ìrúwé, kí igi rẹ̀ lè ga gbọọrọ láìyọ ẹ̀ka. Ní agbègbè Tochigi, níbi tí iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ jù, oṣù Keje ni ìkórè máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé gbòǹgbò àti ewé dànù, ẹ ri igi náà bọ omi híhó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì sá a títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ kó o jọ, kí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀ kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀. Ojú ọlọ́gbọ́n ni a fi ń ṣọ́ ọ níbí: bí ó bá pẹ́ jù, fọ́nrán yóò jẹrà, bí kò bá sì pẹ́ tó, èèpo kò ní bọ́. Ẹ wá bó èèpo náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó, kí ẹ sì fi irin tí kò mú ha gbogbo ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò, títí yóò fi máa dán bíi wúrà.

Fọ́nrán yìí ti tó lò ní ojúbọ láìhun ún. Wọ́n máa ń so ó pọ̀ mọ́ bébà funfun lórí ọ̀pá, àlùfáà a sì fì í sí òsì, sí ọ̀tún, àti sí òsì lẹ́ẹ̀kan sí i láti wẹ ènìyàn mọ́.

Fún aṣọ, ẹ fi èékánná ya fọ́nrán sí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi omi rin ín, kí ẹ sì lọ́ orí ọ̀kan mọ́ ìdí èkejì láìta kókó. Ní tèmi, ibí gan-an ni sùúrù ti ń tán, nítorí pé ìsopọ̀ kan tí kò dára lè já gbogbo òwú lórí òfì. Ẹ má ṣe hun ún níbi gbígbẹ. Òwú hẹ́ǹpù a máa já bí kò bá rí ọ̀rinrin.

Irú aṣọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní aratae, ni wọ́n ń hun ní agbègbè Tokushima fún Daijosai, ètò ìrúbọ ìkórè tí ọba tuntun kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Ti Ọba Naruhito wáyé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Èyí tí ẹ bá fẹ́ wọ̀ sára, ẹ fi òòlù igi lù ú kí ó rọ̀, nítorí pé hẹ́ǹpù tuntun a máa le gan-an.